Àwọn Ọmọ Mọ Ìtàn, Síbẹ̀ Aago Ń Lé Wọn Bá: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Kan ní Kétu

Olùkọ́ obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó ní: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ Terminale, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí mo bá bi wọ́n léèrè lẹ́nu, wọ́n á dá mi lóhùn bí ẹni ń kàwé: ọjọ́ ogun, orúkọ ọba, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Àmọ́ nígbà tí mo fún wọn ní ìdánwò ìdánrawò oníwákàtí méjì, ìdajì wọn ni kò kọ ìkádìí rárá. Àwọn mìíràn ṣì wà lórí ìfáàrà nígbà tí àkókò tán. Mẹ́fà tàbí méje lórí ogún ni ọ̀pọ̀ wọn gbà. Mo ti ń mú wọn kọ odidi àròkọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè yá, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa máàkì. BAC, ìdánwò àṣejáde wọn, ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ẹni tó bá ti jókòó ti òkìtì ìwé ìdánwò lóru rí nìkan ló mọ bó ti ń rẹni. Bí ọ̀rọ̀ yín bá yé mi, ohun tó ń dùn yín ni pé iṣẹ́ tí ẹ ṣe kò hàn lórí ìwé: ọmọ mọ ẹ̀kọ́, aago ló ń já a kulẹ̀. Ẹ sì ti gbà pé ọwọ́ wọn ni kò yá. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dá yín dúró díẹ̀. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ ìtàn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí mo sì ń ka ìwé ìdánwò, àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn falẹ̀ lóòótọ́ kò pọ̀. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ kọ ìpínrọ̀ gígùn kan sójú pátákó, kí wọ́n dà á kọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ ka iye ìlà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó kọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìdánwò. Ọmọ tó da ìlà ogún kọ, tó wá jẹ́ pé ìlà márùn-ún péré ló rí kọ nígbà ìdánwò, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ sọ kó tó mú bíìkì ni. Bó bá dé ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́, á gbójú sókè, á máa wá èyí tó kàn. Ìdákẹ́ wọ̀nyẹn ló ń jẹ wákàtí tán. Ẹ wo brouillon rẹ̀, ìwé tó fi ń gbìyànjú èrò kó tó kọ ti ìdánwò, ẹ ó rí i pé òfìfo ni, tàbí kí ọdún mẹ́fà méje tò síbẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ tó bá falẹ̀ nínú ìdàkọ pẹ̀lú, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń rí ojú pátákó dáadáa, torí mo ti rí èyí tó jẹ́ pé awò ojú ló yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, odidi àròkọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè fún wọn ní ohun tó kù fún wọn. Àṣà kan náà ni wọ́n ń tún hù, tó sì ń mọ́ wọn lára sí i. Ohun kejì tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ ni pé mímọ ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí dídáhùn ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan lórí Dahomey, ìjọba àwọn Fọ̀n tó wà ní Àgbómẹ̀ láyé àtijọ́: "Kí ló fà á tí ìjọba Dahomey fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé láàárín ọdún 1890 sí 1894?" Bí ọmọ tó ti há ẹ̀kọ́ sórí bá ti rí "Dahomey" báyìí, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọba Houégbadja, á sọ bí ọba Agadja ṣe gba Ouidah ní 1727, á dé orí Guézo tó gorí oyè ní 1818, á ròyìn àwọn obìnrin ológun. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kó tó dé ọdún 1890, àkókò ti lọ tán, ẹni tó ń máàkì ò sì tíì rí ìdí kan ṣoṣo tí ìjọba náà fi ṣubú. Àkọlé ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìwé rẹ̀ ló dáhùn. Bó bá jáde, á ní aago kò tó.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun mẹ́ta nínú ìbéèrè: iṣẹ́ tí wọ́n ní ká ṣe, ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, àti ààlà àkókò. Níbí yìí, ìdí ni wọ́n béèrè, kò sẹ́ni tó ní ká ròyìn ogun. Ààlà wa ni 1890 sí 1894. A lè bojú wẹ̀yìn láti wá ìdí, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ lọ sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n da gbogbo ohun tí wọ́n rántí sórí brouillon, kí wọ́n sì pín in sí òkìtì. Òkìtì kan á jẹ́ ti ohun tí Faransé ń wá létíkun: òwò epo, àdéhùn 1868 àti 1878 lórí Kútọnu tí àwọn ará Àgbómẹ̀ ń bá wọn jiyàn lé lórí, ààbò tí wọ́n ní àwọn fi bo Àjàṣẹ́ ní 1863 nígbà ọba Sodji, tí wọ́n tún sọ dọ̀tun nígbà Toffa, ìpàdé Berlin ti 1884 sí 1885 tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ṣe lórí Áfíríkà, àti àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó pààlà sáàárín Èkó àti Àjàṣẹ́ tó sì yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lójú ọ̀nà. Òkìtì kejì á jẹ́ ti àwọn aládùúgbò: Abẹ́òkúta tí Dahomey gbógun tì ní 1851 àti 1864, Kétu tí wọ́n kó ní 1886, Toffa tó fara mọ́ Faransé. Òkìtì kẹta ni ogun fúnra rẹ̀: ìjà 1890 àti àdéhùn ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá tó parí rẹ̀, àwọn ìbọn tí Behanzin, ọba Dahomey, rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì, ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, tó gba ẹ̀bá odò Ouémé gòkè ní 1892 tó sì wọ Àgbómẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, Behanzin tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní 1894.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń dúró, wọ́n á ní plan, ètò àròkọ náà, ti pé. Kò tíì pé. Ìdí wo ló wúwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ọmọ gbọ́dọ̀ yàn. Ó lè ní ohun ìjà ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó ṣàlàyé ìdí tí ìbọn tí Behanzin rà kò fi gbà á. Ó lè ní Faransé ti pinnu láti gba ilẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, pé bí kì í bá ṣe 1892, á jẹ́ ọdún mìíràn. Nígbà náà, ìbọn tí wọ́n yìn sí ọkọ̀ ogun Faransé lórí odò Ouémé ní oṣù kẹta 1892 á di àwáwí tí wọ́n rí dìmú, kò ní jẹ́ ìdí mọ́. Mi ò ní bá ọmọ jà lórí èyí tó bá yàn, bó bá ti lẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò yàn kò tíì dáhùn. Gbólóhùn èsì yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ brouillon kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sórí ìwé ìdánwò. Òun ló máa darí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun náà sì ni ìkádìí, ó ti wà nílẹ̀. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọmọ kàn máa dà á kọ ni. Àwọn ọmọ yín tí kò rí ìkádìí kọ, èyí nìkan á ti gbé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà.

Kí n sọ̀rọ̀ Kétu díẹ̀, nítorí ibẹ̀ lẹ wà. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá kọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó mọ̀ pé Dahomey kó Kétu. Wọ́n mọ Akaba Idena, ẹnu ibodè àtijọ́ yẹn, wọ́n sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun náà lẹ́nu àwọn àgbà ilé. Ọrọ̀ ńlá lèyí, àmọ́ ó máa ń di ìdíwọ́ fún wọn. Ọmọ á kọ pé: "Ní 1886, ọmọ ogun Glèlè, ọba Dahomey, kó Kétu. Wọ́n jó ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ó burú jáì." Òótọ́ ni, ó sì dùn mí bó ṣe dùn ún. Àmọ́ ẹni tó ń máàkì á béèrè pé kí ni èyí fi kan ìṣubú Dahomey. Ẹ wá wò ó bí ọmọ bá kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀: "Nígbà tí Dodds dé ní 1892, Dahomey kò ní ọ̀rẹ́ kankan lápá ìlà oòrùn. Ó ti gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, ó ti pa Kétu run ní 1886, Toffa ọba Àjàṣẹ́ sì ti sá sábẹ́ Faransé nítorí rẹ̀. Àwọn tó yẹ kó bá a dínà fún àjèjì ti di ọ̀tá rẹ̀." Gbólóhùn mẹ́ta péré. Kétu ò gbà ju àbọ̀ ìlà lọ níbẹ̀, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣeé lò, ẹ ní ó ṣeé lò, kí ọmọ ṣáà sọ pé ìtàn tí àwọn àgbà Kétu ń sọ ni, kó má fi rọ́pò ọdún àti orúkọ. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ìbínú. Àwọn ọmọ Fọ̀n á wà nínú kíláàsì yín, wọn ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ohun tí Glèlè ṣe. Ọmọ Kétu tó bá lè ṣàlàyé ohun tí Dahomey ń wá kiri nínú ogun wọ̀nyẹn láì bú ẹnikẹ́ni ti kúrò ní ẹni tó ń rò ẹjọ́, ó ti di ẹni tó ń kọ ìtàn.

Bó ṣe máa rí nínú kíláàsì nìyí. Ẹ dá odidi àròkọ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè kan sójú pátákó, kí wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, brouillon nìkan. Òkìtì mẹ́ta, ẹ̀rí méjì méjì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn èsì nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ méjì tí èsì wọn yàtọ̀ dìde jiyàn níwájú àwọn yòókù. Ẹ máa yí ìbéèrè padà. "Ṣé ogun àgbáyé kejì nìkan ló ṣílẹ̀kùn òmìnira fún ilẹ̀ Áfíríkà?" "Kí ló dé tí àwọn ológun fi ń gbàjọba léraléra ní Dahomey (orúkọ Benin nígbà náà) láàárín 1963 sí 1972?" "Ṣé àìlówó ni àbí òṣèlú ló mú kí Kérékou, ààrẹ Benin, gba ìpàdé gbogbogbòò oṣù kejì 1990?" Èyí tó kẹ́yìn yìí dára púpọ̀ fún ìjiyàn. Ọmọ kan á mú owó oṣù tí ìjọba kò rí san àti àwọn báńkì tó wó, èkejì á mú odi Berlin tó wó ní oṣù kọkànlá 1989 àti ẹ̀kọ́ Marx tí ìjọba pa tì ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wá ní èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ló jẹ́ kí èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lókèèrè lágbára, àròkọ ti wà lórí rẹ̀ ná. Àti pé brouillon kò ju ojú ìwé kan lọ, ẹ máa máàkì gbogbo rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Bí wọ́n bá ti lè ṣe plan tó dúró láàárín àkókò yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú òkìtì kan péré, kí wọ́n sọ ọ́ di ìpínrọ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. Kí wọ́n pààrọ̀ ìwé, kí ẹnì kejì fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tí kò dáhùn ìbéèrè. Ẹ má tíì ka àṣìṣe gírámà sí nígbà yìí. Odidi àròkọ á wá kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mélòó kan kí ìdánwò tó dé, pẹ̀lú aago àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bíi ti gbọ̀ngàn ìdánwò. Ní ti ìfáàrà, wọ́n ti gbà pé bó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe fi ìmọ̀ hàn tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó: ìgbà àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn, ọ̀nà tí a máa gbà.

Fún wákàtí méjì bí irú èyí tí ẹ fún wọn, bó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, plan gbọ́dọ̀ parí ní 8:20, ìfáàrà ní 8:30, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 8:55, 9:20 àti 9:45, ìkádìí ní 9:50, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù jẹ́ ti àtúnkà. Kí wọ́n kọ àwọn àkókò yìí sókè brouillon kí wọ́n tó ka ìbéèrè. Bí 8:55 bá lù, tí apá kìíní kò sì tíì parí, kí ọmọ fi ìlà mẹ́rin sílẹ̀, kó bọ́ sí apá kejì. Èyí máa ń nira fún àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù, wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé àròkọ tó ní apá mẹ́ta tó kúrú díẹ̀ sàn ju èyí tó ní apá kan tó pé. Iye wákàtí tó bá wà lórí ìwé ìdánwò gan-an ni kí wọ́n pín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n há ti wákàtí méjì sórí. Kí wọ́n sì ti máa fi aago ọwọ́ ṣe ìdánrawò, torí fóònù ò ní bá wọn wọlé.

Ohun kan wà tí ìbéèrè yín kò dárúkọ, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: èdè. Yorùbá ni ọmọ Kétu fi ń ronú, Faransé ló sì fẹ́ fi kọ̀wé. Nígbà tí ẹ ń bi wọ́n léèrè lẹ́nu, ìdáhùn kúkúrú ni, Faransé wọn tó o. Àròkọ ń béèrè "nítorí pé", "bó tilẹ̀ jẹ́ pé", "síbẹ̀", "àbájáde rẹ̀ ni pé", ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń dákẹ́. Mo fara mọ́ kí ìjiyàn lórí plan wáyé ní Yorùbá, tàbí èdè tí ọmọ bá gbọ́ jù, kí èrò kọ́kọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó jọ wá Faransé tó gbé e. Ẹ jọ ṣe àkójọ irú gbólóhùn ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Faransé, èyí tí wọ́n á lò títí tí kò fi ní jẹ́ ìṣòro mọ́. Àwọn olùkọ́ kan ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n á ní Yorùbá ló ń ba Faransé jẹ́. Ìrírí mi kò bá tiwọn mu. Ọmọ tó mọ ohun tó fẹ́ sọ máa ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́.

Ẹ ó rí àwọn òbí tó máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ọmọ há àròkọ tó ti wà nílẹ̀ sórí. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí ìbéèrè bá bọ́ sí i lọ́wọ́ gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìbéèrè, á kọ èyí tó há, á sì gba òfo pẹ̀lú ìwé tó kún. Ti ìbéèrè àtẹ̀yìnwá yàtọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdánrawò plan, kí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Àmọ́ kí wọ́n máa fi sọ tẹ́lẹ̀ pé èyí ló máa jáde lọ́dún yìí, tí wọ́n á wá pa ìdajì ìwé tì, ẹ bá mi kọ̀ ọ́ fún wọn. Iye ọdún tí ọmọ há sórí náà kò nílò kó pọ̀. Bí ọmọ bá mọ ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá fún àkòrí kan, tó sì lè sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yí padà, ó sàn ju ẹni tó mọ ogójì láì mọ ohun tó máa fi ṣe.

Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé gbogbo wọn á yege. Ọmọ tí kò bá ka ẹ̀kọ́, plan ò lè bá a hu ẹ̀rí jáde. Ọmọ tí Faransé rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ láti ìsàlẹ̀, oṣù díẹ̀ kò tó fún olùkọ́ ìtàn láti tún un ṣe. Ohun tí ẹ lè ṣe fún un ni kí ẹ jẹ́ kó máa kọ gbólóhùn kúkúrú tó ṣe tààrà, kó sì fojú sí ìpínrọ̀ mẹ́ta tó dá lórí ìbéèrè. Àwọn tó ń máàkì náà kò rí bákan náà. Àwọn kan fẹ́ kí ọmọ yan èsì kan kedere bí mo ṣe wí, àwọn kan ń wá bóyá gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ ló jáde. Ọmọ tó dáhùn ìbéèrè pẹ̀lú ẹ̀rí tó pọ̀ díẹ̀ kì í pàdánù lọ́wọ́ ẹni méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ̀rí méjì lábẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀kan. Bí kíláàsì yín bá sì kún jù tí ẹ kò lè ka plan gbogbo wọn, ẹ ka ti àwọn tó jókòó lápá kan lónìí, ti apá kejì lọ́jọ́ mìíràn, kí àwọn tó kù fi ti ara wọn wé èyí tí ẹ bá kọ sójú pátákó.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló kù kí BAC dé, ẹ fo ìpínrọ̀ oníṣẹ́jú méjìlá yẹn, ẹ máa ṣe plan lójoojúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kí ẹ fi odidi àròkọ méjì sáàárín. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò gan-an, ẹ má fún wọn ní ìbéèrè tuntun kankan. Kí wọ́n mú brouillon tí wọ́n ti ṣe látẹ̀yìnwá, kí wọ́n bo èsì nísàlẹ̀, kí wọ́n ka ìbéèrè, kí wọ́n sì sọ èsì náà sókè fún ara wọn, méjì méjì, kí wọ́n tó lọ sùn.